Verlene àti Ewé Kíkorò

Bí ẹ bá rí obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin tó kúnlẹ̀ nínú pápá, tó ń jẹ ewéko níwájú àwọn ewúrẹ́, ẹ má sá. Verlene Lockett ni, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Èmi ní tèmi, mo fi ṣe ọ̀rẹ́.

Aràn ló fà á. Ní Alabama wa níbí, bí òjò àti ooru bá pàdé, aràn kan máa ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn ewúrẹ́ títí yóò fi ṣubú. Oògùn tí à ń rà kò ràn án mọ́. Mẹ́ta ti kú nínú ewúrẹ́ Verlene lóṣù kan. Nadine, ọmọ Verlene tó wà ní Detroit, wá sọ ọ́ pátápátá: bí Dorcas, ìyá àwọn ewúrẹ́ náà, bá tún kú, kí ìyá òun ta ìyókù, kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Verlene gbà, ṣùgbọ́n kò sun oorun ìgbádùn mọ́.

Ewéko lẹspidísà, tí gbogbo wa ń bú ní èpò, ló gbójú lé. Ohun tó mú un korò ló ń lé aràn. Ọdún kẹrin rèé tí Verlene ti ń ṣa irúgbìn rẹ̀: yóò jẹ ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá fa ahọ́n rẹ̀ jù, yóò so òwú pupa mọ́ ọn nídìí, irúgbìn ìyẹn ni yóò gbìn. Ó wá korò débi pé ewúrẹ́ kọ̀ ọ́. Dorcas gbóòórùn rẹ̀, ó wo Verlene tìkà-tẹ̀gbin.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ewúrẹ́ gan-an ní ojú ń ti òun fún yín!” Cleophus, àbúrò rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Wá jẹ díẹ̀. Bóyá á pa aràn tó wà lórí ẹ.”

Nígbà tí Ọjọ́ Ìpadàbọ̀wálé ìjọ wa ku ọjọ́ mẹ́ta, tí àwọn ará wa tó ti kó lọ sí àríwá ń bọ̀ wá bá wa jẹun ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa ń gé koríko etí ọ̀nà kí ojú má baà tì wá. Cleophus gbé ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀ jáde. Inú rere ló fi ṣe é o! Ó gé gbogbo lẹspidísà Verlene balẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bá yín tún ibẹ̀ ṣe!”

Verlene jókòó sílẹ̀. Ó sunkún. Ẹkún di ẹ̀rín, èmi náà bá a rín in, Cleophus dúró bí ẹni tí wọ́n jí ní fìlà. Gbòǹgbò á tún hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ìpéǹpéjú Dorcas ti funfun bíi bébà, aràn ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, kò lè dúró dè é.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti mú ewé tó gé náà gbẹ. Cleophus tún gbàgbé láti ti géètì. Nígbà tí a débẹ̀, Dorcas wà láàárín ewé gbígbẹ náà, ó ń jẹ ẹ́ wàrà-wàrà.

Verlene bu díẹ̀ sẹ́nu. Ó fajú ro, ó wá kọjú sí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ó ṣì ń fa ahọ́n, Ozella! Àmọ́ ó ti ṣeé jẹ!”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ewé gbígbẹ náà bọ́ àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ wo ojú Dorcas, Verlene kò lè wò ó. Ó kẹ̀yìn sí wa. Cleophus fa ìpéǹpéjú náà wálẹ̀, ó gbé káàdì aláwọ̀ márùn-ún tí a fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ ṣe pọ̀ tó tì í.

“Pupa ni! Ẹ̀gbọ́n mi, ó pọ́n bí inú bàrà olómi!”

Verlene jó yí pápá ká, ọkàn mi sì ń fò bíi tirẹ̀. Ó gbé fóònù.

“Nadine, má tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn dè mí mọ́.”

Lẹ́yìn rẹ̀, Cleophus ti kúnlẹ̀ nínú pápá, ó ń jẹ ewé tuntun, ó ṣejú pàkò. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú òwú pupa wá.”