Ta Ló Ti Lò Ó Rí?

Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Bí mo ṣe ń kọ eléyìí, àwọn ọkọ̀ tí mò ń tà jókòó sínú ọgbà mi lójú ọ̀nà Ìjagun, eruku ti bò wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá lọ sí yunifásítì máa ń dúró wo ojú ara wọn nínú gíláàsì wọn, wọ́n á tún irun ṣe, wọ́n á bá tiwọn lọ. Àwọn nìkan ni oníbàárà tó ń yà lọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́.

Tòkunbọ̀ ni mo ń tà. Láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú ni mo ti ń tà á. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ yẹn dáadáa. Ọmọ tí wọ́n bá bí sókè òkun tí wọ́n wá gbé wálé là ń pè ní Tòkunbọ̀. Ọkọ̀ tí òyìnbó lò títí tó fi sú u, tó taari rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, àwa gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, a sọ ọ́ lórúkọ ọmọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Tòkunbọ̀ ló kọ́ ilé tí mò ń gbé, òun náà ló sì rán ọmọbìnrin mi lọ sílé ìwé gíga, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Nígbà tó jáde, iṣẹ́ tó rí ni ti ilé iṣẹ́ kan tó jìnnà sí wa, níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ tuntun, níbí, nílẹ̀ wa. Mo yọ̀, mo pe gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí ohun tí èmi kò rí. Ó ń bu ọbẹ̀ sí àwo mi, ó ní, “Dádì, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ jọ máa du oníbàárà báyìí?” Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹ̀rín náà fi gbẹ. Ọmọ mi pè, ó ní ọkọ̀ tí wọ́n ti tò ti kún ilẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wá gbé e. Wọ́n ti ń dá àwọn kan dúró. Ó ní, “Dádì, bí ọkọ̀ kò bá kúrò nílẹ̀, àwa la máa kúrò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ẹyọ kan wá sọ́gbà yín.” Mo ní ọgbà mi kún. Ó ní, “Dádì, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀...” Kò parí òwe náà. Ta ló fẹ́ parí ẹ̀ fún mi? Mo ní kí wọ́n gbé e wá.

Ọkọ̀ pupa ni, ọ̀rá tí wọ́n fi bo ìjókòó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo sún àwọn tòkunbọ̀ sẹ́yìn, mo gbé e síwájú níbi tí oòrùn ti máa ń kọ́kọ́ là. Kí n má parọ́, ọkọ̀ dáadáa ni. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í ráhùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń padé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àwọn oníbàárà dé. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n á na imú wọlé, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá ta tòkunbọ̀ rí kò lè mọ̀ pé ó ní òórùn tirẹ̀, òórùn ilé òtútù tó ti wọ inú aṣọ ìjókòó lọ, tí ọdún kan nílẹ̀ wa kì í lé jáde. Èmi ti rí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé lábẹ́ ìjókòó rí, mo ti rí owó wẹ́wẹ́ ìlú tí n kò mọ̀, oníbàárà á sì máa fi í dá ara rẹ̀ lójú pé ojúlówó lòun rà. Ọkọ̀ pupa yìí ń rùn bí ọ̀dà àti rọ́bà. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn padà. “Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, Alàgbà.” Ìyẹn ni wọ́n ń pè é. Kò lórúkọ.

Ó máa ń yà mí lẹ́nu, torí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ tí wọ́n tò nílẹ̀ yìí ni àwọn olùkọ́ wa ń gùn. Ìjàpá là ń pè é, a sì máa ń sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Àwọn ilé iṣẹ́ yẹn kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tòkunbọ̀ wá jókòó sórí àga wọn.

Obìnrin kan wá láti Ìmùṣin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, èmi àti ẹ̀ á jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Òun nìkan ló fara balẹ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀ pupa, ó di ìdarí rẹ̀ mú, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa pe ọmọ mi.

Ó bèèrè pé, “Bọ̀dá, ta ló ti lò ó rí?”

Ibẹ̀ ni mo ti rò pé mo rí i mú. Mo ní, “Kò sẹ́ni tó lò ó rí, Mà. Tuntun ni. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ lò ó.”

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sọ̀ kalẹ̀. “Ẹnì kankan éè tíì lò ó? Bọ̀dá, èmi wá lẹ fẹ́ fi dán an wò?”

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, mo ní wọ́n ti dán an wò níbi tí wọ́n ti ṣe é, mo ní ọmọ tèmi gan-an wà níbẹ̀. Ó mi orí. “Éè jẹ́ báun. Nílé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́, egbòogi tí a kò mọ ẹni tó lò ó yè, a kì í fún aláìsàn.” Ó wá nawọ́ sí tòkunbọ̀ aláwọ̀ eérú kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ti tẹ̀. “Ìyẹn, òyìnbó ti bá wa lò ó. Ó ti rí yìnyín, kò kú. Òun ni kẹ́ ẹ fún mi.”

Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ pé òyìnbó tó lò ó náà rà á ní tuntun, pé ẹnì kan ló kọ́kọ́ gbà á gbọ́ níbì kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá ra ọjà kò wá gbọ́ ìwàásù. Mo tà á fún un. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ tajà tí inú mi bà jẹ́.

Gbogbo ìgbà tí ọmọ mi bá pè, kì í kí mi tán kó tó bèèrè, “Ẹ ti tà á, Dádì?” Mo máa ń sọ pé ẹnì kan ti ń bọ̀.

Ká tó ṣẹ́jú, ẹlòmíràn ṣí ọgbà sí òdìkejì ọ̀nà, ọkọ̀ Ṣáínà ló kó síbẹ̀. Tuntun ni àwọn náà, òyìnbó kankan kò lò wọ́n rí, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ńlá wà níwájú awakọ̀ nínú wọn, ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó sọ pé àwọn kò ra tuntun ń rọ́ lọ síbẹ̀. Tòkunbọ̀ náà sì wọ́n gógó, débi pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tí ará ilẹ̀ wa níbí ti lò gbó. Mo jókòó sáàárín àwọn ọkọ̀ mi. Ẹ̀yìn ń ro mí.

Ní àárọ̀ kan, ilé iṣẹ́ ọmọ mi wá gbé ọkọ̀ pupa náà padà lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi wọlé pẹ̀lú àpò ẹrù rẹ̀. Wọ́n ti dá òun náà dúró. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un, ó sun oorun dé ọ̀sán.

Nígbà tó jí, ó wá bá mi lọ́gbà. Ó ní òun fẹ́ máa gbé èrò láti ibí lọ sí Èkó kí òun tó ríṣẹ́ mìíràn. “Dádì, ẹ bá mi yan tòkunbọ̀ tó le.”

Mo ní, “Tiyín ńkọ́? Wọn ò lè fún ẹ ní ọ̀kan?”

“Ọkọ̀ dáadáa ni tiwa. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́ lọ́nà Ayépé, níbo ni mo ti fẹ́ rí páàtì rẹ̀ rà? Mẹkáníìkì wo ló fẹ́ ṣí i?”

Ọdún kan gbáko ni mo fi ń ta ọkọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání tó bẹ́ẹ̀. Mo mú un lọ sídìí ọ̀kan tí mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹrí ba sínú rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé wáyà láti ibì kan dé ibì kan. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ó ní, “Àwọn tó to èyí mọ iṣẹ́, Dádì.”

Mo ní, “Ìwọ náà mọ iṣẹ́.”

“Mo mọ̀ ọ́n,” ló wí, kò gbé orí sókè. “Ta ló ra tiwa?”