Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Dá Padà

Ní ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì tí mo ti ń wa mọ́tò ní Òkè-Ogbó, ìpele mẹ́rin ni owó oṣù àwa dírẹ́bà ní. Ọjọ́ tí wọ́n bá fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni ọdún rẹ bẹ̀rẹ̀. Bí ọdún kan bá pé, o gun ìpele kan, owó rẹ á sì lé sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó tún padà wá, ìpele kìíní ló máa ti bẹ̀rẹ̀.

Mo wà ní ìpele kẹta, ó ku oṣù méjì kí n bọ́ sí ìkẹrin, nígbà tí ọkọ mi kú. Mo jókòó tákàbá nílé, ìyẹn opó àwa Mùsùlùmí, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. N kò fẹ́ kí mọ́tò wọn dúró lásán, kí àwọn oníbàárà Ìlódè àti Òkèrèwè máa wá búrẹ́dì tì, nítorí náà mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá mi dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ọ̀sẹ̀ tí mo jáde, dírẹ́bà ẹgbẹ́ mi kan wá kí mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ mà ti fiṣẹ́ sílẹ̀ o! Ẹni tó bá dá kọ́kọ́rọ́ padà ti lọ nìyẹn. Ẹ wá tò sẹ́yìn àwọn ọmọ tuntun."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Ọdún mẹ́ta ó dín oṣù méjì ni mo ń rò. Owó ìpele kìíní kò lè gbọ́ bùkátà ilé tó ti di tèmi nìkan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá mánéjà. Kò dàgbà tó mi. Ó bá mi kẹ́dùn, ó wá gbé ìwé tí dírẹ́bà tó bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ máa ń buwọ́ lù síwájú mi.

"Mọ́mì, ẹ wá orúkọ yín níbẹ̀."

Mo wá a títí. Kò sí.

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé wa ní kí ẹ̀gbọ́n yín buwọ́ lù ú. Ẹ̀gbọ́n yín kọ̀, wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ lẹ fi rán àwọn, ẹ ò fi ìwé rán àwọn. Wọ́n ní bí ẹ bá rán àwọn lọ ra ata, ṣé àwọn á tún ra ewúrẹ́ bọ̀ ni?"

Ó ṣàlàyé pé ẹni tí kò bá buwọ́ lùwé kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé àkókò tí mo fi wà nílé kò ní wọ inú ọdún mi, ṣùgbọ́n kò pa èyí tí mo ti ṣe rẹ́. Ìpele kẹta náà ni mo wà, oṣù méjì náà ló ṣì kù. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù níta, mo dúpẹ́, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ní, "Àṣé ohun tó wà nínú ìwé yẹn nìyẹn? Awò ojú mi ni mo gbàgbé sílé lọ́jọ́ náà o. Mo ṣáà sọ lọ́kàn mi pé n kò ní buwọ́ lu ohun tí n kò rí kà."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yíjú wò mí.