Fèyísọ́lá Atẹ̀wé àti Fọ́tò Àwọn Alàgbà

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni Fèyísọ́lá, ṣùgbọ́n Ìlọrin ló ti gbó sẹ́nu iṣẹ́. Ọ́fíìsì ìjọba kan ní GRA ló ti ń tẹ̀wé láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì bá ọ̀gá oríṣiríṣi ṣiṣẹ́: èyí tí kò mọ sípẹ́lì, èyí tí kò mọ ohun tó fẹ́ kọ, àti èyí tó mọ méjèèjì ṣùgbọ́n tí kì í wá síbi iṣẹ́. Gbogbo wọn ló ń buwọ́ lu ohun tó bá tẹ̀ láì kà á. Bí lẹ́tà bá dára, ọ̀gá ló kọ ọ́. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, Fèyísọ́lá ló tẹ̀ ẹ́. Bí iṣẹ́ ìjọba ṣe rí nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ní kó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kó má rí bẹ́ẹ̀.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, ó fẹ̀yìntì kí wọ́n tó ní kó fẹ̀yìntì. Ó ra kọ̀ǹpútà kan, ó gba ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Adéwọlé, ó sì kọ "Business Centre" gàdàgbà síwájú rẹ̀, nítorí pé nígbà náà, ojú ń ti èèyàn láti sọ pé ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé lòun ní. Ó ti lọ kọ́ kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún un tóbi ju ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ, ó sì fi gíláàsì sí i, ó gbé e kọ́ ara ògiri. Aṣọ funfun ló fi ń bo kọ̀ǹpútà náà bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ ṣèrìbọmi fún, ẹni tó bá sì fẹ́ wọlé tọ̀ ọ́ ní láti bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìjọ wa nígbà náà, tí òun náà wà nínú rẹ̀, kún fún àwọn tó ti ìlú mìíràn wá jókòó sí Ìlọrin: tíṣà, òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò. Àjọ̀dún ìjọ ń bọ̀, a sì pinnu pé a ó ṣe ìwé ìtàn. A yan ìgbìmọ̀ kan. Alága rẹ̀ ni Alàgbà Ajíbọ́lá, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Bí ìgbìmọ̀ kan bá wà nínú ìjọ tí kì í ṣe Alàgbà ni alága rẹ̀, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un pé ó wà ni. Iṣẹ́ títẹ ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ Fèyísọ́lá.

Ọ̀rọ̀ inú ìwé kò fa wàhálà kankan. Fọ́tò ló fà á. Alàgbà sọ pé ìtàn tí kò ní fọ́tò, àlọ́ ni, ó sì kó fọ́tò wá nínú agolo bisikíìtì. Níbi tí wọ́n ti fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, Alàgbà ló di ọkọ́ mú. Níbi tí wọ́n ti ra dùùrù, Alàgbà gbé ọwọ́ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Níbi tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń kọrin, orí Alàgbà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Àwọn ìyókù nínú ìgbìmọ̀ náà rí èyí, wọ́n sì sáré lọ sílé lọ wá fọ́tò tiwọn.

Fèyísọ́lá kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ní sikánà ní ọ́fíìsì, ẹ̀rọ tó ń gbé fọ́tò wọ inú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí wọ́n gbé wọn wọlé ní títóbi jù lọ, kí ojú ẹnikẹ́ni má bàa ṣókùnkùn. Ó wá kó wọn sínú ìwé, ó ń fa igun wọn kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi kéré lójú. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kéré náà ni wọ́n ń fúyẹ́. Àṣé bí ẹni tó ká apá agbádá sókè ni: aṣọ náà kò dín. Ó bẹ Alàgbà pé kí àwọn gé ìwé náà sí orí kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà lè rímú mí. Alàgbà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìjọ kan ṣoṣo ni, ìwé kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

Láti ìgbà náà, bí Fèyísọ́lá bá fẹ́ ṣí ìwé yẹn láàárọ̀, ó lè fi í sílẹ̀ kó lọ sí ọjà Ipata, kó ra ata, kó bá aláta jà lórí èènì, kó padà dé, kó sì bá kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ronú. Bó bá fi ìlà kan kún ojú ewé àkọ́kọ́, gbogbo fọ́tò tó wà nísàlẹ̀ á ṣí kúrò láyè wọn. Ní ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ akọrin sá lọ sábẹ́ ìròyìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun. Kó tó fà wọ́n padà, iná ti lọ.

Ó ránṣẹ́ pe Mùsílíù, ọmọ Ìlọrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò. Kò sí ohun tí Mùsílíù kò mọ̀, pàápàá ohun tí kò tíì rí rí. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó mi orí, ó ní ìwé ti jẹun yó jù.

"Màmá, ẹ má kó àlejò sínú ilé," ló wí. "Ẹ fi àwọn fọ́tò yìí síbi tiwọn, kí ìwé kàn mọ àdírẹ́sì wọn. Wàláì, bí ẹ bá ti ṣí i, á ránṣẹ́ pè wọ́n."

Òótọ́ ló sọ, ó sì yẹ kí a yìn ín. Ohun tí kò sọ ni ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ìwé bá kúrò nílé láìmú àwọn àlejò dání. Kì í ṣe pé ó fi pamọ́. Òun náà kò mọ̀ ni.

Fèyísọ́lá ṣe bó ṣe wí. Ó ṣí àpò fáìlì méjì sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún àwọn aṣáájú tó wà láàyè, ọ̀kan fún àwọn olóògbé. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà kì í gbà kí orúkọ fáìlì ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ, nítorí náà fọ́tò ńlá ti Alàgbà Ajíbọ́lá di ALAGBAAJ nínú àpò aṣáájú. Alàgbà Ajíbádé, ọ̀kan lára àwọn tó dá ìjọ sílẹ̀, tó sì ti kú, di ALAGBAAJ nínú àpò olóògbé. Olúkúlùkù wà nílé tirẹ̀, kò sí ìjà. Ìwé náà wá fúyẹ́ débi pé ó gba inú dísìkì pẹlẹbẹ kan. Fèyísọ́lá fi sínú báàgì, ó ń sọ fún ẹni tó bá pàdé pé gbogbo ìtàn ìjọ ló wà lábíyá òun yìí.

Òun àti Alàgbà gbé dísìkì náà lọ sílé ìtẹ̀wé. Ọ̀gbẹ́ni Olúfẹ́mi tó ni ibẹ̀ ṣí i. Ọ̀rọ̀ pé, kọ́mà kan kò dín. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó yẹ kí fọ́tò wà, àpótí òfìfo ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fa ìlà gba inú rẹ̀ kọjá. Alàgbà tẹjú mọ́ àpótí àkọ́kọ́, ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá orí òun ni wọ́n fagi lé. Olúfẹ́mi ṣàlàyé pé wọ́n gbàgbé àwọn fọ́tò sílé ni, pé kí wọ́n kó gbogbo wọn wá, kí wọ́n sì kó wọn pọ̀ sójú kan náà pẹ̀lú ìwé. Títí wọ́n fi padà dé Adéwọlé ni Alàgbà ń sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù, pé fọ́tò tí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ láyé tàwọn kì í gbàgbé ara rẹ̀ sílé.

Fèyísọ́lá tún padà lọ, ó gbé páálí dísìkì kan dání. Ó kọ́kọ́ kó àwọn olóògbé wọnú ẹ̀rọ Olúfẹ́mi, sójú kan náà pẹ̀lú ìwé. Lẹ́yìn náà ló kó àwọn aṣáájú lé wọn lórí. Ẹ̀rọ dúró, ó sì fi gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ béèrè pé orúkọ yìí ti wà níbí tẹ́lẹ̀, ṣé kí òun fi tuntun rọ́pò rẹ̀? Obìnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dá ọ̀gá lóhùn kò nílò láti ka ìbéèrè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Alàgbà Ajíbádé sì lọ láìpariwo, gẹ́gẹ́ bó ṣe gbé ilé ayé.

Nígbà tí gbogbo àpótí kún, Fèyísọ́lá wò ó pé kò sí òfìfo kankan, inú rẹ̀ dùn. Wọ́n pe Alàgbà kó wá buwọ́ lù ú. Ó ṣí gbogbo ojú ewé tó ti retí ojú ara rẹ̀, ó rí ara rẹ̀ ní gbogbo wọn, ó buwọ́ lù ú. Kò ṣí ojú ewé àwọn olóògbé. Kò tíì ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi àjọ̀dún, wọ́n pín ìwé. Ìwàásù kò tíì jìnnà tí ariwo kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Lábẹ́ àkọlé "Àwọn Tó Ti Sùn Nínú Olúwa," Alàgbà Ajíbọ́lá ló jókòó síbẹ̀ nínú agbádá ńlá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ pé olóògbé náà jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ èèyàn, tí kì í wá ipò, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípàdé. Fọ́tò náà já àwọn kan láyà. Nígbà tí wọ́n ka ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n mọ̀ pé àṣìṣe ni.

Ìròyìn kì í dúró de àtúnṣe. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn tí kò wá sílé ìjọsìn ti ń wá kí ìyàwó Alàgbà kú ọ̀fọ̀, Alàgbà fúnra rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó dìde, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìgbà wo ni ìsìnkú.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rín. Opó Alàgbà Ajíbádé ló mú fọ́tò ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwé náà, èyí kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà ti kọjú sí kámẹ́rà. Fèyísọ́lá rí i lọ́jọ́ Ìsinmi náà, tó ṣí ìwé sórí ẹsẹ̀, tó ń yẹ ojú ewé kan náà wò lọ wò bọ̀, bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ kàn jáde díẹ̀ ni. Ó lọ kúnlẹ̀ nílé ìyá náà.

"Màmá, èmi ni," ó wí. "Ẹ̀rọ bi mí léèrè, mi ò kà á, mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Opó náà fà á dìde. "Ṣé ó ṣì wà níbì kankan?"

"Ó wà, Màmá. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà mi nílé."

"Kí ló wá dé tó ò lọ mú un wá?"

Ìyẹn ló ṣe. Ó tẹ fọ́tò Alàgbà Ajíbádé sórí ìwé kéékèèké, a kéde pé kí gbogbo ẹni tó gba ìwé dá a padà, ó sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú olóògbé mọ́ ojú alààyè lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá wá bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ fọ́tò kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kó má bàa ká. Ìgbìmọ̀ náà ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Alàgbà Ajíbọ́lá sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ti dárí ji gbogbo ènìyàn, ó ní ikú kọ́ ló ń dun òun. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀.

"Bí ẹ bá bò mí mọ́lẹ̀ níbẹ̀," ló wí, "níbo lẹ ó tún fi mí sí?"

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà wọlé fún àgbéyẹ̀wò.

Ìwé mélòó kan kò padà wá. Àwọn tó ni wọ́n ní àwọn kò rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fi han àlejò. Mùsílíù sọ káàkiri pé òun ti kìlọ̀. Fèyísọ́lá ní tirẹ̀ wá ń gé ìwé gígùn sí orí kọ̀ọ̀kan, oníwèé ìbáà gbà, ìbáà má gbà. Ó ń dín fọ́tò kù kó tó mú un wọlé, nọ́ńbà ojú ewé ló fi ń sọ ọ́ lórúkọ, bí ìwé bá sì ń rìnrìn-àjò, fọ́tò ń bá a lọ. Bí ẹ̀rọ bá bi í léèrè, á gbé gíláàsì rẹ̀ sójú, á kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí i. Ní Ìlọrin, ẹni tí wọ́n bá fi àṣìṣe mọ̀, wọ́n ṣáà ti mọ̀ ọ́n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì ń gbé iṣẹ́ ìwádìí wọn wá bá a.

Nígbà tó yá, Màmá mú ìtàn ọkọ rẹ̀ wá kó tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà kò gùn, fọ́tò kan ṣoṣo ló ní. Alàgbà Ajíbọ́lá gbọ́, ó fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́, ó sì fi fọ́tò ara rẹ̀ sínú àpòòwé kan náà. Fèyísọ́lá béèrè ohun tí òun máa fi wọ́n ṣe. Màmá ní kó tẹ ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ó dára. Fọ́tò ní tirẹ̀, ó ní kó dá a padà fún Alàgbà, kó sọ fún un pé ìwé ti kún.