Ìkòkò Tí Kò Gba Ẹnu Géètì

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù gbé ìkòkò bíà Bàbá Fàyèsílẹ̀ dé, ẹnu géètì ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Awakọ̀ wo ìkòkò, ó wo géètì, ó tún wo ìkòkò. Ó ní, "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé ilé yìí náà ni?" Bàbá, tí téèpù kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀ nítorí pé aránṣọ ni, ní ilé yìí ni, kí wọ́n yáa máa gbé e wọlé. Wọ́n gbé e lóòró, kò wọlé. Wọ́n gbé e níbùú, kò wọlé. Wọ́n ní kí àwọn yí i bíi táyà, ó sì yí lọ láìdúró títí tó fi kan ògiri ilé aládùúgbò.

Ìyàwó rẹ̀, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. Bàbá bi í pé kí ló rí sí i.

"Mo ti rí ohun tó gba ọ̀nà tó há ju báyìí lọ jáde," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe irin."

Ohun tó fà á kò le rárá. Bí aránṣọ bá ní ìbàdí èèyàn jẹ́ íǹṣì méjìdínláàádọ́ta, yíyíká ló ń wí. Bàbá ti fi téèpù yí garawa ńlá kan ká, ó rí i pé ó tó irú èyí tó wà lọ́kàn òun, ló bá pe ajórin tó ń ṣe ìkòkò onírin tí kì í dípẹtà lórí fóònù. "Ìbàdí, íǹṣì méjìdínláàádọ́ta." Ajórin ò sì wọn ìbàdí ẹnikẹ́ni rí láyé ẹ̀. Ní tiwọn, láti etí kan dé èkejì ni wọ́n ti ń wọn ìkòkò. Ó bi Bàbá léèrè títí bóyá ó dá a lójú. Bàbá ní kó má ṣèyọnu, kó tiẹ̀ fi àyè sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ajórin náà sì fi àyè sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kúkú sọ ọ́ lórúkọ. Kò sí aṣọ tí Bàbá rán tí kò fi àyè sílẹ̀ nínú ẹ̀, bóyá oníṣòkòtò á sanra, bóyá á bí ìbejì. Bóo bá gba ṣòkòtò lọ́wọ́ ẹ̀, ìwọ àti àbúrò ẹ lè jọ wọ̀ ọ́ pọ̀. Bóo bá ráhùn, á ní, "Ẹ ṣì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Kò sì gbà láéláé pé òun ló ṣàṣìṣe nípa ìkòkò. Ó ní ògiri ló kéré. Ó pe bíríkìlà, wọ́n wó ògiri, wọ́n gbé ìkòkò wọlé, wọ́n sì mọ ògiri padà sẹ́yìn ẹ̀. Bí ìkòkò ṣe di ará ilé nìyẹn.

Kíṣìnnì ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ojú Bàbá ò lè rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́, ó fa ṣọ́ọ̀bù lé àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́wọ́, ó sì jókòó sílé láìríṣẹ́ ṣe. Ibi tó ti gbọ́ pé èèyàn lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ se bíà, a ò mọ̀. Ó kó ọkà bálì sínú ìkòkò ìyàwó ẹ̀, ó gbé e ka sítóòfù, ó lọ gbọ́ ìròyìn. Omi bálì hó, ó ru sókè, ó ṣàn bo sítóòfù, ó sì dà sílẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí wọlé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó jáde láìsí bàtà. Bàtà ti lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìyá Agbẹ̀bí kì í pariwo. Ọ̀rọ̀ tó bá ti fẹ̀sọ̀ sọ, kẹ́ni tó gbọ́ múra. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ìta lẹ óò ti máa sè é. Ẹ wá sítóòfù tiyín, ẹ wá ìkòkò tiyín. Ọjọ́ tí ẹ bá se èyí tí mo mu dé ìdí ife, ọjọ́ yẹn ni màá gbà pé iṣẹ́ lẹ̀ ń ṣe."

Látọjọ́ náà, nǹkan kan ṣoṣo ni Bàbá ń wá láyé: kó rí ìdí ife ìyàwó ẹ̀.

Bí ìkòkò ti wọlé tán, ó kù kí wọ́n wá iná sí i nídìí. Bàbá fi ìyàwó ẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ó di ọ̀dọ̀ onígáàsì, ọkùnrin gìrìwò kan tó fẹ́ràn àlàáfíà. Onígáàsì tan sítóòfù àkọ́kọ́. Bàbá dẹ etí sí i, ó ní, "Èyí ń hanrun. Mo ti ní ẹni tó ń hanrun nílé." Ìyá Agbẹ̀bí wo ẹ̀gbẹ́ kan. Onígáàsì tan èkejì. Bàbá bọ́ fìlà, ó fẹ́ ẹ sí i lẹ́ẹ̀kan péré, iná kú. "Bí fìlà bá lè pa á, kí ni ìjì á wá ṣe fún un?" Ẹ̀kẹta ní irin tó dí atẹ́gùn yí ẹnu iná ká, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló sì ní. Ìyẹn wu Bàbá, nítorí ilẹ̀ àgbàlá ẹ̀ ò tẹ́jú, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin á sì máa mì. Ó mi ọ̀hún títí, kò mì. Ó wá kọjú sí onígáàsì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gùn ún."

"Kí n gun kí ni?"

"Sítóòfù. Ìkòkò mi tó bá kún, ẹ̀yin nìkan lẹ jọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yìí."

Ó ti rẹ onígáàsì. Ó pa iná, ó dúró kó tutù, ó gùn ún. Àwọn oníbàárà tó wà ńbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ibi tó dúró sí lókè ni Bàbá ti yọ téèpù, ó wọn ìbàdí ẹ̀, ó sì sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé ẹni tó rán ṣòkòtò yẹn fún un kò fẹ́ràn ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa kúrò ńbẹ̀, Bàbá ti gba sítóòfù ní ẹ̀dínwó, onígáàsì sì ti gbé ṣòkòtò ẹ̀ fún un kó lọ tú u, kó tún un rán.

Ṣùgbọ́n sítóòfù kan lábẹ́ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, àbẹ́là ni. Wọ́n dáná láàárọ̀, ọ̀sán pọ́n, omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bàbá padà lọ gbé méjì kún un, ó so gbogbo wọn mọ́ sílíńdà kan. Gáàsì ń tú jáde kíákíá débi pé yìnyín bo ara sílíńdà, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Bàbá ní òtútù ló ń mú un. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó rán kóòtù fún sílíńdà, kóòtù olówùú tó ní bọ́tìnnì àti kọ́là. Onígáàsì wá wò ó, ó ní, "Bàbá, òtútù yẹn ni kóòtù yìí ń sé mọ́ inú." Bàbá yí sílíńdà ká, ó wò ó tẹ́yìn tẹ́yìn. Ó ní, "Ó dáa, a óò bọ́ ọ tá a bá fẹ́ dáná. Ṣùgbọ́n ó bá a mu." Ó tún ti fi àyè sílẹ̀ lábíyá.

Nígbà tó yá, bíà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáa. Ìdí ìkòkò nìkan ni wọ́n ń lò, ìyókù jẹ́ àyè. Gbogbo Sátidé, Bàbá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú igi gígùn, Ìyá Agbẹ̀bí á wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, á máa bu òdòdó gbígbẹ tó ń mú bíà korò sí i bí ọkọ ẹ̀ bá ṣe ní kó bù ú. Wọ́n á máa jiyàn. Ìyá ló gbẹ̀bí ẹni báyìí, Bàbá ló rán aṣọ ìgbéyàwó ẹni náà, wọn ò sì fẹnu kò rí lórí ọdún tó jẹ́. Nígbà tí bíà bá pẹ́ tó nínú ìgò, Bàbá á rọ tìyàwó ẹ̀ sínú ife, á jókòó tì í, á máa wò ó. Ìyá á mu, á mu, á gbé ife kalẹ̀. Díẹ̀ á kù nídìí ẹ̀.

"Kí ló ṣe èyí tó kù?"

"Mo fi àyè sílẹ̀ ni."

Bàbá á sọ pé kò burú, ìkòkò á tún kaná ní Sátidé tó ń bọ̀. Ohun tí Ìyá Agbẹ̀bí ò sọ fẹ́nì kankan ni pé bíà náà ti ń dùn mọ́ òun lẹ́nu tipẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ṣọ́ọ̀bù ló ń gba ọkọ ẹ̀ láàárọ̀, òun náà sì wà lọ́dọ̀ àwọn aláboyún. Sátidé wọ̀nyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní. Bó bá mu ife yẹn tán, kí ni ọkùnrin yìí á tún máa wá lọ́dọ̀ ìkòkò?

Nígbà tí àìsàn gbé Bàbá dè, Ìyá jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ní, "Ìyá àwọn ọmọ, èèyàn tí mo ti wọ̀n ò níye. Ẹni tó bá ń fa ikùn mọ́ra, mo máa ń mọ̀."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ó ti pẹ́ tí bíà mi ti ń dùn mọ́ ẹ."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Mi ò fẹ́ kóo mu ún tán náà," ló wí.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, oní-àlòkù-irin kan wá bẹ Ìyá Agbẹ̀bí pé kó ta ìkòkò fún òun. Ìyá fún un ní téèpù Bàbá, ó ní kó lọ wọn géètì. Ọkùnrin náà wọ̀n ọ́n, ó wo ìkòkò, ó dágbére. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀, omi náà ò sì tètè dá.

Ìgò kan ló kù nínú èyí tí Bàbá sè gbẹ̀yìn, nígbà tí ara ẹ̀ ò ti yá mọ́. Ọjọ́ Sátidé ni Ìyá ṣí i. Ó gbé àpótí ẹ̀ jókòó sí ìdí ìkòkò, ó rọ ọ́ sínú ife, ó tọ́ ọ wò. Ọkọ ẹ̀ ti gbàgbé pé Ìyá ti bu òdòdó sí i, ó ti tún fọwọ́ ara ẹ̀ da òmíràn sí i. Ó korò. Nínú gbogbo bíà tí Bàbá sè láyé, òun ló burú jù.

Ìyá Agbẹ̀bí mu ún, ó fajú ro, ó tún mu ún, títí tó fi rí ìdí ife. Ó da ife náà dé sórí ìdérí ìkòkò, níbi tí ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ti lè rí i.

"Bàbá àwọn ọmọ mi," ó ní, "mo mu ún tán o."