Eku Tí Irun Rẹ̀ Ń Dán

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, láàárọ̀ Ọjọ́rú. Àwa mẹ́ta la dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ẹranko níbi iṣẹ́ mi, lẹ́bàá Ìbà: èmi tí mo ń tọ́jú àwọn eku, dókítà obìnrin tó ń fi wọ́n ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n wá láti Àjàngbádì. Àlejò kì í wọlé, torí àwọn eku náà kò lágbára láti bá àrùn jà. Ara gíláàsì ilẹ̀kùn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń wò wọ́n.

Àìsàn yìí kan náà ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gba oògùn lẹ́ẹ̀kan nílé ìwòsàn, wọ́n bì títí, irun orí wọn já. Wọn ò padà lọ mọ́. Wọ́n ní ara àwọn ti yá látìgbà náà, ó sì jọ bẹ́ẹ̀ lójú. Ilé ìwòsàn ní tó bá pẹ́ jù, apá ò ní ká a mọ́.

Mi ò lè bá wọn jiyàn. Àwọn ni wọ́n tì mí padà sílé-ẹ̀kọ́ nígbà tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, àwọn ni wọ́n bá mi tọ́ àwọn ọmọ nígbà tí ìyàwó mi kú. N kò lẹ́nu tí mo lè fi pàṣẹ fún wọn. Mo kàn ní kí wọ́n wá wo ibi iṣẹ́ mi.

Wọ́n na ìka sí àgò kan. “Èyí tí irun rẹ̀ ń dán yìí, òun lẹ fún lóògùn, àbí? Ẹ wo bó ṣe ń sáré. Tọ̀hún ti ń kú lọ.”

“Rárá, màmá,” ni dókítà wí. “Èyí tó ń dán la ò fún ní nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, kò tíì hàn síta ni. Èyí tó rù yẹn ló ń gba oògùn. Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lánàá, jẹjẹrẹ inú rẹ̀ ti dín kù gan-an.”

“Ẹ̀yin dókítà! Kí oògùn yín máa pa èèyàn, ẹ ó ní ó ń ṣiṣẹ́.”

“Eku kì í ṣe èèyàn, màmá. Mi ò lè fi tirẹ̀ búra fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa.”

Eku tó rù náà ń ya tísù tí mo fi sínú àgò rẹ̀, ó ń kó o jọ sí igun kan.

Mo ní, “Nígbà tí oògùn wọ̀ ọ́ lára, kò fọwọ́ kan tísù rárá. Eku tí ara ń ni kì í tẹ́ ibùsùn. Àná ló tún bẹ̀rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi tún ìborùn wọn so. “Ó rù bíi tèmi, ó tún ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.” Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. “Èmi lo wá fi wé eku? O ò tiẹ̀ bẹ̀rù!”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo ti bínú. Èyí tó ń dán ńkọ́? Ṣé ẹ máa fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?”

Dókítà ní tí kò bá sí èyí tí kò gba oògùn, àwọn ò ní mọ̀ bóyá oògùn ló ṣiṣẹ́. Ó ní àwọn ò ní jẹ́ kó jìyà pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wo eku tó ń dán náà fún ìgbà díẹ̀, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. “Oògùn ilé ìwòsàn yẹn, àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń fà á síni lára, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà,” ni mo dáhùn.

“Tí mo bá bì, ìwọ lo máa nù ún.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo lọ sí Àjàngbádì. Wọ́n ti wọ bàtà kí n tó kan ilẹ̀kùn. A wọ kẹ̀kẹ́, a jọ lọ sílé ìwòsàn, mo sì jókòó tì wọ́n títí oògùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán.