Ẹni Tó Dàgbà Jù Nínú Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún kejì tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, gbogbo ẹni tó bá ti mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ ní Ìkẹjà ló gbà pé òun máa là. Ọ̀gá wa náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé girama ni wọ́n l'Ékìtì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n wá gba yàrá mẹ́ta lókè ilé kan ní Oregun, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ọṣẹ, wọ́n ní a ó ṣe bráúsà tiwa, ìyẹn fèrèsé tí èèyàn fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, kí a máa tà á fún àwọn kafé.

Àwa mẹ́ta la pín iṣẹ́ náà. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, alàgbà ní ìjọ Aládùúrà, ló ni ẹ́ńjìnnì, ohun tó ń ka ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì tó sì ń yà á síta. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ti tó ẹni ogójì ọdún ló ni fèrèsé gan-an, àti bọ́tìnnì àti ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ni mo kọ Àjùmọ̀lò. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń yá lò ni mo kó síbẹ̀: bí a ṣe ń ya lẹ́tà, bí a ṣe ń da àwọ̀ mọ̀. Kànga àgbàlá ni. Láìsí i, ẹnikẹ́ni ò lè dáná.

Oṣù kẹfà mi ń parí lọ. Bí bráúsà bá ṣí lójú oníbàárà tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù náà, wọ́n á fún mi ní ìwé tó máa sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi. Bí kò bá ṣí, ọkọ àǹtí mi, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Omole, ti ní kí n di ẹrù mi padà sí Adó.

Ó wá ku bí a ṣe máa so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Kọ̀ǹpútà kan ló ń ṣe é. Ìwé ìlànà kan ló máa ń kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tó bá kọ́kọ́ kà ló máa kọ́kọ́ kọ́, bí ẹni ń kọ́lé. Ọ̀gá ló to ìwé ọ̀hún, bí wọ́n ṣe máa ń to orúkọ àwọn àlejò pàtàkì níbi ayẹyẹ ilé-ìwé: Bàbá lókè, Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé wọn, èmi nísàlẹ̀.

Nítorí náà, lójoojúmọ́, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ ẹ́ńjìnnì Bàbá, á wá Àjùmọ̀lò tí kò tíì kọ́, kò ní rí i, á dúró. Gbólóhùn kan náà ló ń kọ síta: Àjùmọ̀lò kò tíì sí.

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, aago mélòó lo dé lónìí?"

"Aago mẹ́jọ, sà."

"Ó ní o ò tíì dé nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀gá pàṣẹ pé kí n máa dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń bá ẹni tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ jókòó lẹ́nu géètì, àwa méjèèjì ń sín nítorí ìyẹ̀fun ọṣẹ. Àjùmọ̀lò kò tíì sí síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò tilẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu. "Èmi ń dúró de Bàbá," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì máa jẹ àgbàdo wọn lọ. Iṣẹ́ ò kàn wọ́n rí láti oṣù kan.

Inú bí mi, mo tọ Ọ̀gá lọ.

"Sà, ẹ jẹ́ kí tèmi ṣáájú. Nínú kọ̀ǹpútà nìkan ni o, kò kan ìjókòó."

"Kí tìẹ ṣáájú ti Bàbá? Bàbá tó bí ọ gan-an, àbúrò wọn ni."

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, sà, ti àgbàlagbà ò sì wọ kèrègbè."

"Òwe lo ń pa fún mi?" Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, tó ku ọ̀la kí oníbàárà dé, mo kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá àti Bàbá, mo parọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Èmi kọ́ ni mo kọ Àjùmọ̀lò. Àwọn òyìnbó kan ló kọ ọ́, kí wọ́n tó bí mi."

Ọ̀gá gbé bírò sílẹ̀. "Ṣé wọ́n ju Bàbá lọ?"

"Wọ́n ti kú, sà. Gbogbo wọn."

Bàbá fúnra wọn ló dìde. "Ẹ gbé wọn sókè," ni wọ́n wí. "Àwọn tó ti lọ ló ṣáájú wa." Wọ́n ṣí fìlà fún kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá tún ìwé náà tò. Kọ̀ǹpútà kọ́ Àjùmọ̀lò, ó kọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n láìrò tẹ́lẹ̀. Àgbàdo bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ojú ìwé ṣí gbayawu níwájú oníbàárà. A pàtẹ́wọ́. Bàbá gbàdúrà gígùn, wọ́n ní kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ àwọn tó kọ Àjùmọ̀lò, kí ó sì tu àwọn ọmọ tí wọ́n fi sáyé lọ nínú. Èmi ni àmín mi ròkè jù.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá pè mí wọlé. Ìwé mi wà lórí tábìlì, ìfọwọ́sí nìkan ló kù.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan," ni wọ́n wí, ohùn wọn rọ̀. "Bó bá jẹ́ pé àwọn tó ti kú ló kọ ọ́, kí ni ìwọ ń ṣe láti oṣù mẹ́fà?"

Oníbàárà ṣì wà ní yàrá kejì. Bí mo bá ní èmi ni mo kọ ọ́, Àjùmọ̀lò á padà sísàlẹ̀, bráúsà ò sì ní ṣí mọ́. Ẹnu mi ló kó bá mi.

"Mò ń tọ́jú rẹ̀ ni, sà."

Ọ̀gá ti bírò bọ àpò.

"Bàbá á máa tọ́jú rẹ̀," ni wọ́n wí. "Ọ̀dọ̀ àgbà ló yẹ kí àgbà wà."

Mo sunkún dé Omole. Lọ́jọ́ Ajé, mo wọkọ̀ Adó.