Àǹtí Ojú Fèrèsé

Bí mo bá ti rí páálí oògùn, àǹtí kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Padova, ní Italy, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yìn páálí oògùn ni wọ́n máa ń ya àwòrán sí. Ìyá arúgbó ará Italy kan ni wọ́n ń tọ́jú, inú ilé ìyá náà ni wọ́n sì ń gbé. Àárọ̀ Sunday nìkan ni ọmọ ìyá náà máa ń wá gbà á lọ́wọ́ wọn.

Lọ́dọọdún, circo, àwọn eléré alárìnkiri, máa ń pàgọ́ ńlá sí pápá tó kọjú sí ilé náà. Àǹtí á jókòó sójú fèrèsé, wọ́n á ya ọmọbìnrin eléré tó ń sá ṣòkòtò sórí okùn. Bí wọ́n bá ya ẹṣin, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ bó ṣe ń mí. Bí ìyá bá pè, wọ́n á ní, "Arrivo, nonna," ìyẹn ni pé àwọn ń bọ̀, ìyá àgbà, pẹ́ńsù á ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Àǹtí, ẹ ò tíì wọ ibẹ̀ rí?"

"Ta ni kí n fi màmá tì?"

Ó bí mi nínú. Lọ́dún tó kọjá, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, èmi sì jókòó ti ìyá. Àǹtí kun àtíkè, wọ́n wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì.

Orin eré ṣì ń dún lọ́hùn-ún nígbà tí mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àǹtí wọlé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọn ò bọ́ kóòtù tí wọ́n fi fa àga wọn sójú fèrèsé.

"Ṣé kò dùn ni?"

"Ó dùn. Ṣùgbọ́n àgọ́ yẹn ò ní fèrèsé kankan."